Kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà pòórá: ìtọ́jú oníbàárà ní ilé-ẹ̀kọ́ bàálù kékeré

Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi ilé-ẹ̀kọ́ bàálù sílẹ̀ kì í sábà bá ẹnikẹ́ni jà. Á ní ọwọ́ òun dí lọ́sẹ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á ní òun máa pè padà. Ó parí nìyẹn, ẹ ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ á ní owó ló tán lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí pé orí rẹ̀ ò gbé e. Nígbà míì bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fa fáìlì rẹ̀ yọ. Ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ti sún ọjọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìṣàlàyé, olùkọ́ kejì ló ń kọ́ ọ báyìí, kò sì sí ẹni tó sọ fún un rí bóyá ó ti ń sún mọ́ ìdánwò tàbí ojú kan náà ló ń yí po.

Òwò yìí ní ìṣòro kan tí ọ̀pọ̀ òwò ò ní: ẹni tó ń rajà ò lè yẹ ọjà wò. Ẹni tó fẹ́ ra bàtà á fi sẹ́sẹ̀, á rìn díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ò lè mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì yín pé, kò sì lè mọ̀ bóyá olùkọ́ tó jókòó tì í mọ iṣẹ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló fi ń ṣèdájọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ò tó: ìlẹ̀kùn tí wọ́n ní láti gbá lẹ́ẹ̀mejì kó tó pa dé, headset tí fóòmù etí rẹ̀ ti fà ya, olùkọ́ tó fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́ tó wá ń rẹ́rìn-ín wọlé. Bí èyí tí mo rí bá rí báyìí, èyí tí mi ò rí ńkọ́? Ẹ má bínú sí ìbéèrè yẹn, ìbéèrè awakọ̀ gidi ni. Iṣẹ́ yín ni pé kí oníbàárà mọ ibi tó dúró sí, kó sì mọ̀ ọ́n kó tó di pé ó béèrè.

Nígbà tí fóònù bá kọ́kọ́ dún

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ní bàálù méjì tàbí mẹ́ta, òkè ni ẹni tó yẹ kó gbé fóònù sábà máa ń wà. Ẹ yan ẹnì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí fóònù máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òun náà bá fẹ́ fò, kó darí ìpè sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Ìpè tí ẹ bá pàdánù, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń wá ilé-ẹ̀kọ́ kì í pe ibì kan ṣoṣo, ibi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ dá a lóhùn bí ènìyàn ló sábà máa ń lọ.

Ẹ ní fọ́ọ̀mù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, tí kò ju ojú ìwé kan lọ: orúkọ, nọ́ńbà, ìdí tó fi fẹ́ kọ́ ọ, iye ìgbà tó lè wá lọ́sẹ̀, àìsàn tàbí oògùn tó ń lò déédéé, àti ọjọ́ tí ẹ ṣèlérí láti pè é padà. Ẹ má fojú kéré ìdí yẹn o. Ẹni tó fẹ́ fi bàálù ṣiṣẹ́ jẹun àti ẹni tó kàn fẹ́ máa fò lópin ọ̀sẹ̀ ò nílò ìmọ̀ràn kan náà. Ẹni àkọ́kọ́, ẹ ní kó lọ gba ìwé ẹ̀rí ìlera kíláàsì kìíní lọ́dọ̀ dókítà tí àjọ ìrìn òfurufú fọwọ́ sí kó tó ná owó gidi. Ẹnì kejì nílò kíláàsì kejì lábẹ́ ìlànà ICAO (àjọ ìrìn òfurufú àgbáyé), tàbí kíláàsì kẹta ní Amẹ́ríkà. Ẹ sọ ọ́ lórí fóònù níbẹ̀. Ẹni tó bá fò fún wákàtí ogún kó tó mọ̀ pé ojú òun tàbí oògùn òun ò jẹ́ kí òun lè gba ìwé ẹ̀rí, ilé-ẹ̀kọ́ tó gba owó rẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀ ló máa bínú sí, ẹ̀bi ẹ̀ náà kọ́.

Wọ́n á béèrè iye owó. Ẹ má sọ pé "ó sinmi lé bí ẹ bá ṣe gbọ́n sí." Iye méjì ni kí ẹ fún wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni iye tí òfin ní ó kéré jù: ICAO ní wákàtí 40 fún ìwé àṣẹ awakọ̀ aládàáni, EASA, àjọ ààbò òfurufú ní Yúróòpù, ní 45. Ìkejì ni iye tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiyín gan-an ń lò. Ẹ kó fáìlì mẹ́wàá tó parí kẹ́yìn jọ, kí ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó máa ń kọjá 40 dáadáa, 60 sì lè jẹ́ ohun tó wọ́pọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sọ 40 nìkan yóò rí ẹni tó wọlé lónìí, àmọ́ ní wákàtí kọkànlélógójì, ọkàn ẹni yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Lẹ́yìn èyí, ẹ ka àwọn owó tó máa ń fara pamọ́ fún un: ìdánwò ìwé, owó olùdánwò, dókítà, ìwé àti máàpù, owó ìbalẹ̀ ní pápákọ̀ míì, headset bó bá fẹ́ ra tirẹ̀.

Ìfò ìtọ́wò

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹni tuntun máa kọ́kọ́ fò yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń ṣe fáàrí. Ẹ kì wọ́n nílọ̀: kò sí yíyí bìrí, kò sí stall (kí apá bàálù má lè gbé e dúró mọ́), kò sí fífò lókè ilé ọ̀rẹ́ ní ìsàlẹ̀. Ẹni tí èébì bá gbé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ṣòro kó padà wá.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ fi í sí. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ á máa ru sókè, bàálù kékeré á máa gbọ̀n, olùkọ́ ò ní kà á sí, àmọ́ ẹni tuntun á rò pé nǹkan ti bà jẹ́ ni. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣàlàyé nílẹ̀: ohùn tó máa gbọ́, ohun tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, bí ìlẹ̀kùn àti bẹ́líìtì ṣe ń ṣí, ibi tí àpò èébì wà. Ẹ fi hàn án bí ohun tó wọ́pọ̀ láìṣe àwàdà kankan. Lókè, bí bàálù bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ jẹ́ kó dì í mú fún ó kéré tán ìdajì àkókò náà. Owó tó san, ìyẹn ló san án fún.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara nílò ìtọ́jú. Ó pọn dandan, kò sì yẹ kó jẹ́ ohun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ níwájú àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì. Ẹ fi í sínú fọ́ọ̀mù tí oníbàárà máa kọ fúnra rẹ̀ nílé, pẹ̀lú ìlà kan tó ṣàlàyé ìdí. Ẹ wo bí nǹkan ṣe há tó. Cessna 152, bàálù oníjòkòó méjì, ò gbọdọ̀ wúwo ju kìlógíráàmù 757 lọ tó bá fẹ́ gbéra. Ká ní òfìfo rẹ̀ jẹ́ 530 (tiyín wà nínú ìwé bàálù náà, ẹ wò ó, ẹ má méfò). Táǹkì tó kún ní nǹkan bíi lítà 92 tó ṣeé lò, ìyẹn kìlógíráàmù 67. Ohun tó kù fún ènìyàn méjì àti ẹrù wọn jẹ́ 160. Bí olùkọ́ bá jẹ́ 85, oníbàárà ò gbọdọ̀ ju 75 lọ. Tí ẹ bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ lè bu epo kù: ìdajì táǹkì jẹ́ lítà 46, kìlógíráàmù 33, àyè tó kù á di 194. Bàálù yìí ń mu nǹkan bíi lítà 23 ní wákàtí kan, nítorí náà ìdajì yẹn tó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, epo ìpamọ́ á sì ṣẹ́ kù dáadáa. Tí ẹ ò bá mọ̀ títí ènìyàn fi dé, ẹ ó dá a dúró lórí ilẹ̀ kí ẹ tó máa wá ohun tí wọ́n fi ń fa epo jáde, gbogbo ojú á sì yí sí i lára. Ìtìjú yẹn ò ṣeé tọrọ àforíjì fún.

Nígbà tí wọ́n bá balẹ̀, ẹ fún un ní ìwé pélébé kan: àkókò tó fò, ohun tó ṣe, ohun tí ẹ̀kọ́ kejì máa jẹ́, iye rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tì í kó san owó lọ́jọ́ náà. Ẹ pè é lẹ́yìn ọjọ́ méjì.

Owó

Ibí ni ìjà ti ń wá jù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìjà tó ṣeé yẹra fún ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ sọ mítà tí ẹ fi ń ka àkókò. Mítà Hobbs máa ń ka àkókò bí aago ti ń kà á, láti ìgbà tí ohun tó tan án bá ti bẹ̀rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ bàálù, agbára ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń tan án, lára òmíràn, iná bàálù ni. Tach, mítà kejì, ń tẹ̀ lé bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí: ìgbà tó bá ń yí tó iye tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀ nìkan ló ń ka wákàtí kan sí wákàtí kan, tó bá ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀, kíkà rẹ̀ á falẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìfò kan náà fi lè jẹ́ 1.4 lórí Hobbs kó sì jẹ́ 1.2 lórí tach. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó lórí Hobbs kì í ṣe olè, èyí tó ń gba lórí tach kì í ṣe ẹni mímọ́; iye tó wà lórí wákàtí kan ló máa ń yàtọ̀. Ohun tó burú ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi iye tiyín wé ti ilé-ẹ̀kọ́ kejì láìmọ̀ pé mítà ò bára mu. Ẹ sì sọ bóyá epo wà nínú iye náà.

Ẹ wo ìwé owó kan báyìí. Hobbs wà ní 3412.6 kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì, ó wà ní 3414.0 nígbà tí wọ́n pa á. Wákàtí 1.4 nìyẹn. Olùkọ́ fi 0.3 ṣàlàyé ṣáájú, ó fi 0.2 jíròrò lẹ́yìn rẹ̀. Bàálù 1.4, olùkọ́ 1.9. Ìdá kan nínú mẹ́wàá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà, ẹ ṣàlàyé ìyẹn náà, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ka 1.4 sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti sọ fún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé àlàyé orí ilẹ̀ ní owó tirẹ̀ kò ní wí nǹkan kan. Èyí tí ẹ ò sọ fún á wo 1.9, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á sì dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló léwu. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ máa ka mítà sókè kí ẹ́ńjìnnì tó tàn àti lẹ́yìn tó bá kú, kó sì fi fóònù yà á. Ọ̀rọ̀ tán.

Owó àsansílẹ̀ ńkọ́? Ẹdínwó fún ẹni tó san wákàtí mẹ́wàá pọ̀ ò burú. Wákàtí 50 ni kí ẹ má gbà. Owó tí bàálù ò tíì fò fún kì í ṣe owó yín, bó tilẹ̀ wà nínú àpò yín, ẹ sì mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì tó bá fọ́ lójijì lè mú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ṣe pẹ̀lú owó tó wà nítòsí. Ẹ fi í sí àkáǹtì ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ iye ọjọ́ tí ẹ máa fi dá a padà bí ènìyàn bá fẹ́ lọ. Ẹ fi iye tó ṣẹ́ kù síbi ìsàlẹ̀ gbogbo rìsíìtì.

Ọjọ́ tí ìfò ò bá ṣeé ṣe

Ojú ọjọ́ á da ètò yín rú, kò sẹ́ni tó lè dá yín lẹ́bi. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ ni wọ́n máa rántí. Olùkọ́ kó wo METAR (ìròyìn ojú ọjọ́ pápákọ̀) àti TAF (àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀) lálẹ́, kó sọ èrò rẹ̀: "ó jọ pé ó máa dáa," tàbí "mi ò tíì dá a lójú." Kó tún wò ó ní wákàtí méjì ṣáájú, kó sì pinnu. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wakọ̀ fún wákàtí kan kó tó gbọ́ pé ìkùukùu ò gbà, ẹ ti jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fi ránṣẹ́ ò ju báyìí lọ:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ìkùukùu wà ní ẹsẹ̀ bàtà 800 lórí pápákọ̀, àsọtẹ́lẹ̀ sì ní kò ní ká kúrò kó tó di aago 11. A ti fagi lé ìfò aago 9 yín, kò sí owó tí ẹ máa san. Àyè wà lọ́la aago 8, tàbí ọjọ́ Ẹtì aago 4. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ wá lónìí, olùkọ́ yín wà nílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ máàpù wákàtí kan, owó olùkọ́ nìkan ni. Èwo ni kí a kọ sílẹ̀ fún yín?"

Ìdí wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, ọjọ́ méjì wà níbẹ̀ tó lè mú. Ẹ fi èyí wé "Sorry, no flying today" tí àwọn míì máa ń fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí aago 9. Ẹ̀kọ́ orí ilẹ̀ yẹn, ẹ nawọ́ rẹ̀ sí i ni, ẹ má fi tipátipá gbé e fún un láti fi rí owó ọjọ́ náà.

Bí ẹ bá ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó fagi lé ìfò láìsọ ní wákàtí 24 ṣáájú, ó tọ́, bàálù tó jókòó lásán ń jẹ owó. Àmọ́ kó jẹ́ àjọṣe: bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ já a kulẹ̀, tí olùkọ́ sùn gbàgbé tàbí ẹ fún ènìyàn méjì ní bàálù kan, ẹ fi nǹkan ṣe ìtanràn tiyín, bíi àlàyé orí ilẹ̀ wákàtí kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ gba owó lé lórí láéláé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pè ní wákàtí kan ṣáájú pé òun ò sùn lálẹ́ àná, tàbí pé imú òun dí, tàbí pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nílé òun tí ọkàn òun ò sí níbí, ẹ ní "ẹ ṣeun tí ẹ sọ." Àyẹ̀wò ara ẹni tí ẹ kọ́ ọ nínú kíláàsì ló ń lò yẹn: àìsàn, oògùn, wàhálà, ọtí, àárẹ̀, ìbànújẹ́. Bí ẹ bá gba ìtanràn lórí rẹ̀, nígbà míì á wá fò pẹ̀lú imú dídí, etí á dùn ún nígbà tí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùkọ́

Inú Cessna 152 ò fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà kan lọ, èjìká kan èjìká ni. Kí olùkọ́ wẹ̀, kó má lo lọ́fínńdà tó ń ta imú, kó má jẹ ohun olóòórùn kó tó wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí le láti sọ fún òṣìṣẹ́, ọ̀gá ló yẹ kó sọ ọ́, ní kọ̀rọ̀.

Kó tó na ọwọ́ kọjá níwájú akẹ́kọ̀ọ́ tàbí fọwọ́ kan bẹ́líìtì rẹ̀, kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Fóònù rẹ̀ ò gbọdọ̀ jáde lókè. Kò gbọdọ̀ pariwo. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ràn, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá jágbe mọ́ nígbà ìbalẹ̀ á di ọwọ́ bàálù mú pinpin, ìyẹn gan-an ni kò yẹ kó ṣe. Ohun tó gbọ́dọ̀ le tó sì gbọ́dọ̀ ṣe kedere ni ìgbà tí wọ́n bá ń gba bàálù lọ́wọ́ ara wọn. "Ọwọ́ mi ló wà." "Ọwọ́ yín ló wà." "Ọwọ́ mi ló wà." Ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ojú rí i. Olùkọ́ tó bá kàn já a gbà ń bu akẹ́kọ̀ọ́ kù, ó sì ń dá ewu sílẹ̀, torí ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò dì í mú.

Olùkọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ń kọ́ ẹni tó lè bí i lọ́mọ ní ìdààmú tirẹ̀. Á máa fi ọ̀wọ̀ bo àṣìṣe mọ́lẹ̀: "ó dáa díẹ̀ sà, ó dáa," nígbà tí ìbalẹ̀ ò dáa rárá. Ẹ kọ́ ọ pé ọ̀wọ̀ wà nínú ìkíni àti nínú pípa àkókò mọ́. Nínú àtúnṣe, òótọ́ lọ̀wọ̀. "Ẹ pẹ́ kí ẹ tó gbé imú bàálù sókè" ò tàbùkù ẹnikẹ́ni.

Ìjíròrò lẹ́yìn ìfò ni ẹ̀kọ́ ti ń wọlé jù, òun sì ni wọ́n sábà máa ń gé kúrò torí akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀ fún un nínú ètò ọjọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni kó kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí lójú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí olùkọ́ mú ohun kan tó dáa àti ohun méjì tó nílò àtúnṣe. Tí wọ́n bá ti di méje, kò ní rántí ẹyọ kan. Kó wá sọ ohun tí ẹ̀kọ́ tó kàn jẹ́ àti ojú ìwé tó máa kà. Kó kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, torí tó bá di ọ̀la, ìbalẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin á ti dà pọ̀ mọ́ ara wọn lórí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo wákàtí mẹ́wàá, kó ṣí ètò ẹ̀kọ́ níwájú akẹ́kọ̀ọ́, kó tọ́ka sí ibi tó dé àti ohun tó kù.

Olùkọ́ yín á lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ń kó wákàtí jọ kí ilé-iṣẹ́ bàálù ńlá lè gbà wọ́n ni. Ní Amẹ́ríkà, wákàtí 1,500 ni ọ̀pọ̀ ń lé. Ẹ má ṣe bí ẹni pé ó bá yín lójijì. Ní kété tó bá ti fún yín níwèé, ẹ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Olùkọ́ tuntun kó ka fáìlì, kí òun àti ti tẹ́lẹ̀ sì jókòó fún ogún ìṣẹ́jú lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó máa fẹ́ fò lẹ́ẹ̀kan láti mọ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìfò yẹn, ẹ̀yin ni kí ẹ san owó olùkọ́ rẹ̀. Ohun tó ń lé ènìyàn lọ ni kí wọ́n dá a padà sí ẹ̀kọ́ kẹta nígbà tó ti wà ní ìkejìlá, torí pé "bí èmi ṣe ń kọ́ ọ kọ́ nìyẹn."

Bàálù fúnra rẹ̀

Bàálù yín lè ti pé ogójì ọdún, kò burú. Kó má dọ̀tí. Lópin ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kó ìwé àti ike omi jáde, ẹ gbá ilẹ̀ rẹ̀, ẹ fi ohun ìnu oní-ọtí nu headset, ẹ pààrọ̀ fóòmù ẹnu rẹ̀ tó bá ti gbó. Ẹ ní headset kan àti bátìrì AA nípamọ́.

Gíláàsì iwájú kì í ṣe gíláàsì, ike ni. Ohun ìfọ gíláàsì ilé tó ní amóníà máa ń jẹ́ kó sán wẹ́wẹ́ nínú. Ẹ da omi púpọ̀ sí i kí erùpẹ̀ kọ́kọ́ ṣàn lọ, ẹ fi ohun ìfọ tí wọ́n ṣe fún ike bàálù àti aṣọ rírọ̀ tó mọ́ nù ún, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ má yí i po. Ibi tó bá ha yí po á máa tàn yòò bí oòrùn bá kọjú sí i, akẹ́kọ̀ọ́ ò sì ní rí bàálù tó ń bọ̀ níwájú.

Ìwé àbùkù ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù. Inú bàálù tàbí níbi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni kó wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ohun tó ṣàkíyèsí: rédíò ń já, bíréèkì òsì rọ̀. Apá ọ̀tún ìwé náà ni ẹ máa kọ ìdáhùn sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó wò ó. "A wò ó, a ò rí nǹkan kan, ẹ tún sọ tó bá padà wá" ìdáhùn gidi ni. Àyè òfìfo kì í ṣe ìdáhùn. Tí wọ́n bá ti kọ rédíò kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò fèsì, wọn ò ní kọ ohunkóhun mọ́, títí kan ohun tó lè pa ènìyàn. Èyí tó bá kan ààbò, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ bàálù náà kúrò lára ìgbékọ́, kí ẹnikẹ́ni má lè ṣèèṣì mú un.

Àyẹ̀wò wákàtí 100 (èyí tí wọ́n ń ṣe fún bàálù lẹ́yìn gbogbo wákàtí 100 tó bá fò) kì í ṣe àjálù, ó lọ́jọ́ tirẹ̀. Bàálù tó ń fò wákàtí 60 lóṣù á dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje. Ẹ ka á sẹ́yìn, ẹ ti ìwé ètò fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin yẹn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ó yani lẹ́nu bí àwọn tó ń kọ́ni ní bí wọ́n ṣe ń ṣètò epo ṣe máa ń jẹ́ kí àyẹ̀wò tó ti wà lójú mítà bá wọn lójijì.

Bí ẹ ṣe ń sọ pé rárá

Oníbàárà lọ́ba ní ibòmíràn. Níbí, ó máa ń ṣàṣìṣe, ẹ̀yin lẹ sì máa sọ fún un. Á ní ọ̀rẹ́ òun dá fò láìsí olùkọ́ ní wákàtí 12, kí ló dé tí òun wà ní 19? Bó bá jẹ́ pé ojú olùkọ́ nìkan ni òṣùwọ̀n, ọ̀rọ̀ á di ti "kò fẹ́ràn mi." Ẹ fi òṣùwọ̀n sórí ìwé láti ọjọ́ àkọ́kọ́: ìbalẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra láìjẹ́ pé olùkọ́ fọwọ́ kàn án tàbí sọ̀rọ̀, fífagi lé ìbalẹ̀ kó tún gòkè fúnra rẹ̀, ohun tó máa ṣe bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọ̀rọ̀ rédíò láìsí ìrànlọ́wọ́. Ìdáhùn á wá rọrùn: "Mẹ́ta ti pé nínú mẹ́rin. Ìbalẹ̀ ló kù. Ẹ̀kọ́ méjì tó ń bọ̀, òun nìkan la máa ṣe."

Bákan náà ni atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́. Ìwé Cessna 172S sọ knot 15 (knot ni òdiwọ̀n eré atẹ́gùn) gẹ́gẹ́ bí èyí tí wọ́n ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ tó kà á á ní 10 ò jù. Ẹ kọ ìwọ̀n tirẹ̀ sínú logbook rẹ̀ (ìwé àkọsílẹ̀ ìfò rẹ̀), bóyá 5 tàbí 7, kí ẹ sì máa gbé e sókè bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe ń mọ́. Ìwọ̀n tó ń dàgbà ń fi hàn án pé òun ń dàgbà.

Ẹ̀sùn, ní kúkúrú: ọ̀gá ni kó dáhùn, láàárín wákàtí 24, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ olùkọ́ tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn. Ẹ tún ohun tó sọ sọ padà fún un kí ẹ tó ṣàlàyé. Ẹ má sọ̀rọ̀ ìbalẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọ́fíìsì níwájú àwọn yòókù, kódà bí ó bá pani lẹ́rìn-ín. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbé fọ́tò ẹnikẹ́ni sórí ìkànnì yín.

Ẹni tó dákẹ́

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí ẹnì kan yọ orúkọ àwọn tí kò tíì fò fún ọjọ́ 14 tí wọn ò sì ní ọjọ́ lórí ìwé ètò. Ìdí tó fi jẹ́ ọjọ́ 14 ni pé ọwọ́ ẹni tí kò tíì dá fò rí máa ń tètè jáde. Tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì á lọ sórí ohun tó ti san owó fún rí, á mọ̀ ọ́n lára, ìyẹn á sì tún jẹ́ kó pẹ́ sí i.

Kí olùkọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ pè é. Kì í ṣe láti tajà. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo wo fáìlì yín, ìbalẹ̀ yín ti ń dáa sí i nígbà tí a fò kẹ́yìn. Ṣé nǹkan kan wà tí a lè ṣe, àbí ẹ fẹ́ sinmi díẹ̀?" Kó wá dákẹ́, kó gbọ́. Bó bá jẹ́ owó, ẹ bá a ṣètò ìfò kan lọ́sẹ̀ méjì pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ìwé láàárín rẹ̀, kí ẹ sọ òótọ́ fún un pé á fa wákàtí rẹ̀ gùn. Bó bá jẹ́ ẹ̀rù, tí ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹ̀rù ju bí wọ́n ṣe máa ń gbà lọ, ẹ ní kó wá fún ìfò kan tí kò ní sí ìdánwò kankan nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ olùkọ́ ni kò bá a lára mu, ẹ yí i padà láìbéèrè ìdí lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá sì ní òun ò ṣe mọ́, ẹ dá owó tó kù padà lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ fi àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i ní pípé, kó lè gbé e lọ síbi tó bá wù ú.